Ẹ́ńjìnnì 1HZ: Kí ló dé tí dísù ọdún 1990 tí kò ní tọ́óbò kò tíì fẹ̀yìn tì?

Lórí ètò wa, a máa ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ láìfọwọ́ kan sípánà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán, ọ̀rọ̀ inú ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ fún yín yìí.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni 1HZ. Toyota ló ṣe é, ọdún 1990 ló sì jáde. Tí ẹ bá ti wo ìròyìn nípa ibi tí ogun tàbí ìyàn ti ń dààmú àwọn èèyàn, ẹ ó ti rí ọkọ̀ Land Cruiser funfun kan, tó ga, tí wọ́n kọ UN sí lára, tí eríà rédíò gígùn kan sì dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, 1HZ ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè mi. Fóònù tí ẹ rà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti ń di arúgbó lọ́wọ́ yín. Kí wá ló dé tí àwọn àjọ tó lágbára láti ra ọkọ̀ tuntun ṣe ń ra ọkọ̀ tuntun tí ẹ́ńjìnnì ọdún 1990 wà nínú rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì tí kò yára, tó ń pariwo, tó sì ń mu epo? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Dísù kì í lo pílọ́ọ̀gì

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, irú èyí tó wà nínú Corolla tàbí Camry, máa ń po afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, á fún un pọ̀, pílọ́ọ̀gì á wá ta iná sí i. Iná yẹn ló ń ti písítìn lọ sísàlẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fà wọlé. Á wá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí tí yóò fi gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà yẹn ni nọ́súù yóò wá tu dísù sínú rẹ̀, dísù náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí páǹpù máa ń gbóná. Ohun kan náà ni, àmọ́ ti ẹ́ńjìnnì yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bẹntiróòlù máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 10. 1HZ máa ń fún un pọ̀ ju ìlọ́po 22 lọ.

Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló mú èrò yìí wá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní ìlú Augsburg lọ́dún 1897. Orúkọ rẹ̀ la ṣì ń pe epo náà títí dòní.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe gàrí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, ní abúlé èyíkéyìí nílẹ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ ó bá níbẹ̀, tó ń dún “kùn-kùn-kùn” tó sì ń tu èéfín sókè, tí àwọn èèyàn ń pè ní Lister, dísù ni. Kò ní tọ́óbò, kò ní kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí òmíràn kó tó dìde. Ìbátan 1HZ ni Lister yẹn. Sílíńdà kan tàbí méjì ló sábà máa ń ní. Mẹ́fà ni ti 1HZ, wọ́n sì tò wọ́n lórí ìlà kan.

Ẹ́ńjìnnì tó ń mí fúnra rẹ̀

Ó dáa. Kí là ń pè ní tọ́óbò? Tọ́óbò dà bí fáànù kékeré kan tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó ṣe ń yí ni yóò máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì ní túláàsì. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ túmọ̀ sí pé a lè jó epo púpọ̀, epo púpọ̀ sì túmọ̀ sí agbára púpọ̀. Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò náà lọ́dún 1905. Lónìí, ó ṣòro kí ẹ tó rí ọkọ̀ dísù tuntun tí kò ní tọ́óbò.

1HZ ní tirẹ̀ kò ní. Písítìn á lọ sísàlẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ wọlé bí ẹni tó ń mí, ó parí. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run fi síta ló ń lò. Nítorí náà, kó tó lè ní agbára tó jọjú, ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi: 4,164 cc, ìyẹn lítà 4.2.

Kí ló ń rí mú jáde nínú ikùn ńlá yìí? Lórí èyí tí wọ́n ń tà ní South Africa, 96 kW ni wọ́n kọ, ìyẹn nǹkan bí agbára ẹṣin 130. Ẹ dúró ná. Corolla 1.8 ti ọdún 2009 tí gbogbo wa mọ̀ ní agbára ẹṣin 132! Ṣé Corolla wá lágbára ju Land Cruiser lọ ni?

Rárá o. Agbára ẹṣin máa ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Ohun mìíràn wà tí wọ́n ń fi Nm wọ̀n: agbára ìyípo, bí ẹni pé ẹ ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó dì. Nm 285 ni ti 1HZ, ó sì ń mú un jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 2,200 péré láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti Corolla náà kò ju nǹkan bí 173 lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá 4,000 kó tó fún yín. Ìyẹn ni pé 1HZ lè fa ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ jáde nínú ẹrẹ̀, ní ìrìn ìjàpá, láìsí pé ẹ ń tẹ eṣinṣin mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ fi dá eré sá lórí afárá Third Mainland, Corolla yóò fi yín sílẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kálukú fún ló yàtọ̀.

Àléébù kan tún wà nínú kí ẹ́ńjìnnì máa mí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní Èkó tó wà létí òkun, ó ń rí afẹ́fẹ́ mu dáadáa. Ní Jos, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,200, agbára rẹ̀ yóò dín kù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ní Addis Ababa, tó ga ju mítà 2,300 lọ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí páǹpù dísù kò bá sì dín epo tó ń tú kù bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù, ẹ ó rí èéfín dúdú lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti fi jó tán lẹ ń wò yẹn.

Yàrá kékeré inú tọ́ọ̀pù sílíńdà

Nínú ọ̀pọ̀ dísù òde òní, orí písítìn gan-an ni nọ́súù ń tu epo sí. 1HZ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ yàrá kékeré kan sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Inú yàrá yẹn ni epo ti ń gbiná, kí iná náà tó ya jáde wá ti písítìn. Tí ojú ọjọ́ bá tutù, wáyà kékeré kan tó ń pọ́n bí irin inú iná yóò kọ́kọ́ mú yàrá náà gbóná. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń yí kọ́kọ́rọ́, tí á dúró kí iná kékeré kan kú nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó tó wá sítáàtì.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Nọ́súù kò nílò túláàsì. Nọ́súù 1HZ máa ń ṣí ní nǹkan bí 150 bar. Dísù òde òní tí wọ́n ń pè ní common rail lè lo 1,600 sí 2,000 bar. Ẹ fojú inú wò ó: kí epo tó lè gba inú ihò là ní irú túláàsì bẹ́ẹ̀, ihò náà gbọ́dọ̀ tín-ín-rín gan-an. Ẹyọ iyanrìn kan tí ojú kò lè rí ti tó láti bà á jẹ́.

Kí ni àléébù rẹ̀? Yàrá kékeré náà ń jẹ ooru. Ooru tó yẹ kó ti písítìn ń sá lọ sára irin àti omi rediétọ̀. Ìdí nìyẹn tí irú ẹ́ńjìnnì yìí fi ń mu epo ju dísù òde òní tí agbára wọn dọ́gba lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀?

Ẹ ronú nípa nọ́ọ̀sì kan tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú kúlà. Abúlé tó ń lọ jìnnà tó 200 kìlómítà sí ojú ọ̀nà ọlọ́dà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dísù tó wà nínú táǹkì rẹ̀, inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ti bù ú. Yìnyín tó wà nínú kúlà náà sì ń yọ́. Tí ọkọ̀ bá kú síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ ó pe ẹni tó máa wọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ yóò bàjẹ́. Tó bá jẹ́ aláboyún tó ń rọbí ló wà nínú ọkọ̀ náà ńkọ́?

Níbẹ̀ ni ìtumọ̀ 1HZ ti hàn kedere.

Àkọ́kọ́, kò gbára lé brain box. Ẹ̀rọ ni páǹpù dísù rẹ̀, irin ló ń ti irin. Lẹ́yìn tó bá ti dìde, ohun tó nílò láti ọ̀dọ̀ bátìrì kò ju iná díẹ̀ tó ń mú ẹnu ọ̀nà epo ṣí sílẹ̀ lọ. Tí bátìrì kò bá lágbára tó láti yí i, ẹ lè ti ọkọ̀ náà kó sì dìde. Sẹ́ńsọ̀ tó máa ní òun bínú, tí ọkọ̀ á wá dín eré kù láàárín aṣálẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Èkejì, kò fi bẹ́ẹ̀ yan epo jẹ. Ọkọ̀ dísù tuntun ní ajọ̀ kan nínú ìdí èéfín tó ń mú dúdú èéfín, epo tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ sì lè dí i pa. 1HZ ayé àtijọ́ kò ní irú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o: omi nínú dísù yóò ba páǹpù tirẹ̀ náà jẹ́. Fílítà epo ni aṣọ́bodè rẹ̀. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ ń wá wàhálà.

Ẹ̀kẹta, mẹkáníìkì tó ní sípánà, òòlù àti ọgbọ́n orí lè tún un ṣe. Nítorí pé wọ́n ti ń ṣe é láti 1990, tí wọ́n sì fi sínú Land Cruiser 70, 80 àti 105 àti bọ́ọ̀sì Coaster, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà ní Gibraltar, Toyota Gibraltar Stockholdings, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pèsè irú ọkọ̀ báyìí fún UN àtàwọn àjọ aṣèrànwọ́.

Ẹ̀kẹrin ni omi. Nítorí pé kò sí pílọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ tí omi lè pa, ó lè la odò kékeré kọjá. Páìpù gíga tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú irú ọkọ̀ náà kì í ṣe fáàrí. Imú rẹ̀ ni. Tí omi bá gba ibi tó ń mí wọlé, písítìn yóò gbìyànjú láti fún omi pọ̀ bíi afẹ́fẹ́. Omi kì í fún pọ̀. Irin inú ẹ́ńjìnnì ni yóò tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ nínú ìkún omi Lẹ́kkí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin kan náà ló de ọkọ̀ tiyín.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa àìdáa rẹ̀

A kò ní yin ẹ́ńjìnnì yìí títí ká fi bo àṣìṣe rẹ̀.

Èéfín rẹ̀ kò dára. Ní ọdún 2012, IARC, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, sọ pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì fi sí ìpele àkọ́kọ́, ìpele àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fà á. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ajọ̀ èéfín kò lè mọ́ bíi tòde òní. Nítorí òfin èéfín ni wọ́n fi dáwọ́ títà 1HZ nínú Land Cruiser 70 dúró ní Australia lọ́dún 2007, tí Toyota sì fi V8 oní-tọ́óbò lítà 4.5 rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Nm 430 ni ti V8 náà. Agbára rẹ̀ ga gan-an ju ti 1HZ lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀.

Ìpinnu tó wà níwájú wa nìyí: ìlú tí èrò pọ̀ sí nílò èéfín tó mọ́, nítorí ọmọdé àti àgbà ló ń mí i símú. Aginjù nílò ọkọ̀ tí kò ní kú. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò rọrùn láti fi tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá bi mí bóyá kí òun ra ọkọ̀ 1HZ láti máa fi rìn láti Ìkẹjà sí Victoria Island, màá ní rárá. Ẹ ó máa ná owó epo, ẹ ó máa gbọ́ ariwo nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn tó dúró sí bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù á sì máa mí èéfín yín.

Kó sì tó di pé ẹ sọ pé ẹ́ńjìnnì yìí kì í kú, ohun mẹ́ta ló ń pa á.

Èkíní ni timing belt. Okùn rọ́bà yìí ló ń mú kí fáàfù àti písítìn máa rìn ní ìbámu. Nǹkan bí gbogbo 100,000 kìlómítà ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, iná kan tilẹ̀ wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń rán awakọ̀ létí. Tó bá já lójú ọ̀nà, písítìn àti fáàfù yóò kọlu ara wọn. Owó rọ́bà kan tí ẹ kò fẹ́ ná á wá di owó ẹ́ńjìnnì.

Èkejì ni ooru. Tí rediétọ̀ bá dí tàbí tí omi bá tán, tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ lè sán, pàápàá láàárín àwọn fáàfù àti yàrá kékeré tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wo ìdíwọ̀n ooru ló ń pẹ́ lórí ọkọ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta ni ojúkòkòrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń so tọ́óbò mọ́ 1HZ kó lè sáré. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan sì ti ṣe é ní àṣeyọrí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú epo kọjá bó ṣe yẹ, ooru èéfín á pọ̀ jù, a ó sì tún padà sídìí tọ́ọ̀pù sílíńdà tó sán. Nígbà tí Toyota fúnra rẹ̀ fẹ́ tọ́óbò lórí lítà 4.2 kan náà, ẹ́ńjìnnì mìíràn ló ṣe, 1HD-T, tó ń tu epo sórí písítìn tààrà. Ó yẹ kí ìyẹn kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Àwọn kan nínú yín ní oko, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ tó ń lọ sí ìgbèríko, ọkọ̀ yìí sì lè wúlò fún yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

- Ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀ lójú yín. Tí ẹ bá débẹ̀ tó ti gbóná, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.
- Ẹ wo àwọ̀ èéfín. Dúdú túmọ̀ sí epo tó ju afẹ́fẹ́ lọ. Búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tó ti gbóná lè jẹ́ omi rediétọ̀ tó ń wọ sílíńdà.
- Kí wọ́n tó sítáàtì, nígbà tó ṣì tutù, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín ṣí rediétọ̀. Tí omi bá ń hó kùrù-kùrù bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ láìtíì gbóná, afẹ́fẹ́ sílíńdà ló ń wọ inú omi. Gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù sílíńdà ti ní ìṣòro nìyẹn. Ẹ má ṣe ṣí i nígbà tó bá ti gbóná o, omi rẹ̀ lè bó èèyàn.
- Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt kẹ́yìn. Tí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí ni pé kí ẹ tó pe ẹ̀rọ kan ní “ti àtijọ́”, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó máa tún un ṣe. Tuntun dára níbi tí ìná mànàmáná, epo tó mọ́ àti rewáyà tó ní kọ̀ǹpútà bá wà nítòsí. Níbi tí wọn kò bá sí, ẹ̀rọ tí ọmọ ènìyàn lè fi ojú rí àìsàn rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ wò ó sàn, ló ń mú èèyàn délé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa bátìrì ínfátà: ìdí tí òmíràn fi ń pé ọdún mẹ́wàá tí òmíràn kì í pé méjì. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ jọ̀wọ́, kí ohùn yín má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ sì ṣàjọpín èyí fún ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ so tọ́óbò mọ́ ọkọ̀ òun.

Ó dìgbà kan ná o. Ọ̀nà á là fún wa.